Omi Àkọ́kọ́ Tí Ẹ̀bùn Kò Kọ Sílẹ̀

Òde-Ìrèlè,
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Ẹ̀bùn, ọma mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Òjò kò jẹ́ kí a sá nǹkan kan gbẹ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Orúnkún ń dun bàbá rẹ, ṣùgbọ́n ẹnu kò dùn ún, nítorí náà ilé kò tíì dákẹ́.

Mo mọ̀ pé o ó ti máa yí ìwé yìí wò lẹ́yìn láti mọ ibi tó parí sí. Ó gùn. Fi ara balẹ̀. O máa ń sọ pé kí n máa fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù, pé ayé ti yí padà. Ohùn dára fún kíkí ènìyàn. Ohun tí o bi mí nírọ̀lẹ́ Sátidé kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ kí o gbọ́ níbi tí o ti ń dín dòdò, kí o dá mi lóhùn pé "Mo ti gbọ́, Mọ́mì."

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yé mi, kí o lè mọ̀ bóyá mo gbọ́ ọ dáadáa. Ìwé ìwádìí tí o kọ lórí ewé etí odò, èyí tí ìyá bàbá rẹ máa ń sè fún ibà, òun ló gbé orúkọ rẹ jáde. Àwọn onímọ̀ egbòogi níbi gbogbo ń tọ́ka sí i nínú ìwé tiwọn, iye ìtọ́kasí náà ń gòkè, òun sì ni yunifásítì tuntun yìí rí tí wọ́n fi ní kí o wá ṣe olórí yàrá ìwádìí wọn. Gbogbo wa yọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí o wá jókòó láti ka ohun tí àwọn tó tọ́ka sí ọ kọ gan-an, o rí i pé púpọ̀ nínú wọn kò yìn ọ́. Wọ́n ní àwọn se ewé náà bí o ṣe kọ ọ́, ẹ̀dọ̀ àwọn eku àwọn sì bàjẹ́. Ó rú ọ lójú, nítorí kò sí ohun tó ṣe eku tìrẹ. O padà ka ìwé rẹ lẹ́sẹẹsẹ, ìgbà náà ni o rí i: o kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n gbo ewé náà, kí wọ́n da omi àkọ́kọ́ nù, kí wọ́n tó gbé e kaná.

Ìwọ dà á nù nígbà tí o ń ṣe tìrẹ. Ọwọ́ rẹ dà á nù kí orí rẹ tó rò ó, nítorí láti ìgbà tí o ti ń rá kòrò ni o ti ń rí i tí wọ́n ń dà á nù. Ọmọ Ìkálẹ̀ nìkan ló lè ṣe irú àṣìṣe yìí. Bó bá jẹ́ ará ibòmíràn ni, ì bá ti béèrè, ì bá sì ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ta ló ń sọ fún ẹnikẹ́ni nílẹ̀ wa pé kó fún omi ẹ̀gẹ́ kúrò kó tó fi mọ púpurù? A ò kà á sí ọ̀rọ̀ sísọ.

Ìbéèrè rẹ wá ni pé: ṣé kí o fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí jọ́nà tó gbé ìwé náà jáde nísinsìnyí, kí o tó wọṣẹ́ tuntun, àbí kí o dúró kí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rẹ múlẹ̀ níbẹ̀, kí o wá kọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́kùtù? O ń sunkún. Mo ní kí o jẹ́ kí n rò ó. Mo ti rò ó, mo sì ti rí nǹkan kan ní Òkìtìpupa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó parí ìrònú náà fún mi. N óò dé ibẹ̀. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, èmi náà sì ti jìn sí tèmi rí.

Jẹ́ ká ti orí nọ́ńbà ìtọ́kasí yẹn bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di tíṣà ní Àjàgbà, ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ mí lọ́kàn: kí ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi kún. Alábẹ̀wò ilé ìwé ń bọ̀, mo sì ti gbọ́ pé bó bá dé, ìwé ló ń ṣí. Ni mo bá ń kọ ọ́ sójú pátákó, àwọn ọmọ ń dà á kọ, láàárọ̀, lọ́sàn-án. Kò sí àlàyé, kò sí ìbéèrè, ká ṣáà ti kọ ọ́ kún. Nígbà tí bàbá náà dé, ó ṣí ìwé kan, ó ṣí òmíràn, ó ní, "Mísì, iṣẹ́ ń lọ níbí o." Orí mi wú. Àfi bó ṣe pe ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ìyábọ̀ tó sì ní kó ka ìlà kan nínú ìwé ara rẹ̀ fún òun. Ìyábọ̀ wo ìwé, ó wo mí, ó bú sẹ́kún. Bàbá yẹn kò bú mi. Ó rọra pa ìwé náà dé, ó gbé e fún un, ó sì jáde. Ó sàn kó bú mi.

Nítorí náà, ọmọ mi, mo mọ adùn kí nǹkan pọ̀ lójú ẹni tó ń kà á. Níbi tí o ń lọ yìí, wọ́n á ka ìwé tí o kọ, wọ́n á ka àwọn tó tọ́ka sí i, wọ́n á fi tìrẹ wé ti ẹlòmíràn. Jẹ́ kí wọ́n máa kà á, iṣẹ́ wọn ni. Tìrẹ ni pé bí ẹnikẹ́ni bá nawọ́ sí ìlà èyíkéyìí nínú ìwé rẹ, kí o lè dúró nídìí rẹ̀ láìwo ojú ẹlòmíràn. Má kọ ìwé mẹ́ta níbi tí ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo wà. Bí o bá kọ díẹ̀ tó dúró, a ó jẹun.

Mo mọ̀ pé bàbá rẹ ló fi kún ìṣòro yìí. Kó tó ṣí Bíbélì láàárọ̀ ló ń ṣí fóònù láti wo iye ìtọ́kasí rẹ. "Ìyá Ẹ̀bùn, ó tún ti lé o!" Lọ́jọ́ ìdúpẹ́ iṣẹ́ tuntun rẹ, ó sọ ọ́ fún pásítọ̀, pásítọ̀ sì gbàdúrà lórí pẹpẹ pé kí ìtọ́kasí ọmọ wa máa pọ̀ bí iyanrìn etí òkun. Gbogbo ìjọ ké Àmín, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tí wọ́n ṣe Àmín sí. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ fún un, ọbẹ̀ tutù níwájú rẹ̀. Ó wá ní, "Ṣé nọ́ńbà náà á wálẹ̀ ni?"

Mo ní, "Bàbá Ẹ̀bùn, eku ń kú, ẹ̀yin ń béèrè nọ́ńbà!"

Ó ní, "Mo kàn béèrè ni."

Kó tó wọlé sùn, ó wá bá mi nínú ilé ìdáná, ó ní kí n sọ fún ọ pé òun ò ní wò ó mọ́, kí o má fi ti òun ṣe. Inú rẹ̀ bàjẹ́, Ẹ̀bùn, ó sì fẹ́ràn rẹ ju bó ṣe lè sọ lọ. Láàárọ̀ yìí mo rí i tó tún ń wò ó.

Ọ̀rọ̀ kejì, n kò rò pé mo ti sọ ọ́ fún ọ rí. Iye Àgbà, ìyá bàbá rẹ, wà láyé nígbà náà, èmi ni ìyàwó tuntun nílé wọn ní Akotogbo. Ibà ń ṣe bàbá rẹ. Iye Àgbà kó ewé yẹn lé mi lọ́wọ́ pé kí n gbo ó, kí n sì gbé e kaná. Mo mọ̀ pé a ń da omi àkọ́kọ́ nù, ìyá mi náà ń sè é ní Àjàgbà. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé nílé tiwọn, ihò kan wà lẹ́yìn ilé ìdáná tí wọ́n ń dà á sí, tí wọ́n á sì fi eérú bò ó. Ní tèmi, mo kàn yọjú lẹ́nu ọ̀nà, mo sì dà á sáàárín agboolé, ó ń hó fùfù. Adìyẹ Iye Àgbà, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ọmọ jáde, rìn wá, ó mu níbẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, adìyẹ ti na ẹsẹ̀.

Mo ti ń ro bí n óò ṣe di ẹrù mi padà sílé bàbá mi. Iye Àgbà wo adìyẹ, ó wo èmi, ó ní, "Ọma mi, èmi ni mé è sọ fún ẹ. Èmi ni mo pa á." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́, pé òun ni kò sọ fún mi, láìgbé ohùn sókè. Kò parí síbẹ̀. Ó gbé òkú adìyẹ náà dání, ó lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, ó kó gbogbo ìyàwó ilé jọ, títí kan àwọn tó ti bímọ púpọ̀, ó mú wa lọ sídìí ihò náà, ó sì fi han ẹnìkọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìyàwó kan ní, "Iye, ṣebí a mọ̀." Ó ní kó tún un mọ̀.

Mo ti rò ó títí lọ́sẹ̀ yìí. Ẹni tó nilé ni. Ó lè sọ pé ìyàwó tuntun kò lójú, gbogbo ayé ì bá sì gbà á gbọ́. Ó lè dúró kí ọ̀rọ̀ náà rọlẹ̀. Kò ṣe é, nítorí àwọn ọmọ kéékèèké ń rá káàkiri inú agboolé yẹn, ihò náà kò sì hàn sí ẹni tí a kò fi hàn. Ǹjẹ́ àpọ́nlé rẹ̀ dínkù? Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ohun tí a fẹ́ ṣe nínú ilé yẹn tí a kì í kọ́kọ́ bi í.

Àwọn àgbà ní àsọ̀rọ̀ àìlàdí ló pa Elempe ìṣáájú, tó ní igbá wúwo ju àwo lọ. Ìwọ náà sọ̀rọ̀, o kò là á. O kò purọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú onírọ́ wò ọ́, má sì fi ojú yẹn wo ara rẹ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí o ti mọ̀ ọ́n, bí o bá dákẹ́, nǹkan mìíràn ló ti di yẹn. N kò ní fẹ́ pe orúkọ rẹ̀ fún ọmọ tí mo bí.

Nítorí náà, kọ ọ́ nísinsìnyí. Kọ ọ́ kí o tó di ẹrù, kí o tó wọ ọ́fíìsì yẹn.

Bí mo ṣe rò pé kí o ṣe é nìyí, bí ohun kan bá sì wà tí o mọ̀ jù mí lọ níbẹ̀, tún un ṣe. Kọ́kọ́ pe ọ̀gá àtijọ́ rẹ, ẹni tí orúkọ yín jọ wà lórí ìwé náà. O ní ó sọ pé kí o fi í sílẹ̀, pé ìmọ̀ á tún ara rẹ̀ ṣe. Fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn. Kí i dáadáa, béèrè ìyàwó àti àwọn ọmọ, ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ ni. Lẹ́yìn náà, sọ fún un pé ìmọ̀ kò ní ìka tí yóò fi kọ̀wé, ènìyàn ló ń bá a kọ ọ́. Bó bá fẹ́ kí orúkọ òun wà lórí àtúnṣe náà, ó dáa. Bí kò bá fẹ́, fi orúkọ tìrẹ nìkan ránṣẹ́.

Lẹ́yìn èyí, sọ fún àwọn tó gbà ọ́ síṣẹ́, fúnra rẹ, kí wọ́n má gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Má sọ ọ́ bí ẹni tó ń tọrọ àánú. Sọ pé nǹkan báyìí ni n kò kọ, ohun tó sì fà nìyí, mo ti kọ ọ́ báyìí.

Má sì ti ẹ̀bi náà sọ́dọ̀ àwọn ará ilé o! Mo mọ bí ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ṣe ń kọ̀wé. Mi ò fẹ́ gbọ́ pé "àwọn obìnrin abúlé tó fi ewé náà hàn wá kò mẹ́nu ba omi àkọ́kọ́." Iye Àgbà fi hàn ọ́, ó jẹ́ kí o di igbá mú. Ìwọ ni o kò kọ ọ́.

Bí wọ́n bá wá torí èyí gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ, yóò dùn mí. N kò ní tàn ọ́ pé kò ní dùn mí. Mo ti sọ fún gbogbo ìyá ìjọ, n óò sì máa yẹra fún àwọn kan nínú wọn fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtìjú a máa tán lára. Bàbá rẹ á pariwo, á sì jẹun. Ìwọ yóò padà sí ibi tí o ti ń ṣiṣẹ́, wọn kò tíì lé ọ níbẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Nǹkan kékeré kan kí n má gbàgbé. Obìnrin tó ń tọ́jú àwọn eku rẹ, èyí tí o ní ó máa ń wá lọ́jọ́ ìsinmi, ṣé orúkọ rẹ̀ wà nínú àwọn ìwé rẹ? Bí a bá fún epo tán ní Akotogbo, gbogbo ẹni tó bá wa tẹ̀ ẹ́ ló ń mú igbá wá gba tirẹ̀. Ẹni tó kàn jókòó tì wá, tó ń sọ̀rọ̀, kì í mú igbá wá. Bẹ́ẹ̀ ni kí o ṣe ní ibi tuntun yẹn. Bí ọ̀gá kan bá ní kí o fi orúkọ òun sí ìwé tí kò fọwọ́ kàn, kí òun náà fi tìrẹ sí tòun, rẹ́rìn-ín sí i, kí o sì gbàgbé láti ṣe é.

Ó ku ti Òkìtìpupa.

Mo lọ tún awò ojú mi ṣe lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Alhaja Sìkírátù, aládùúgbò wa tó ń ta aṣọ, ló tẹ̀ lé mi. Nígbà tí a dé gáréèjì láti padà sílé, ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sọ́rùn, ó ń ta ìyẹ̀fun ewé nínú ọ̀rá. "Oògùn ibà! Àwọn dókítà yunifásítì ti yẹ̀ ẹ́ wò! Ọmọ ilẹ̀ wa ló ṣe é!" Mo gba ọ̀kan, mo gbóòórùn rẹ̀. Ewé náà ni. N kò ní dárúkọ rẹ̀ nínú lẹ́tà yìí, lẹ́tà a máa bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Mo bi í pé báwo la ṣe ń lò ó. Ó ní, "Ẹ dà á sínú ẹ̀kọ gbígbóná, Màmá, kí ẹ mu ún."

Mo ní, "Ṣé ẹ gbo ewé náà kí ẹ tó sá a? Ṣé ẹ da omi àkọ́kọ́ nù?"

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́. Kì í ṣe ará ìhín, ohùn rẹ̀ fi hàn. Ó ní, "Màmá, ohun tí dókítà kọ la tẹ̀ lé. Wọn ò kọ ìyẹn síbẹ̀." Kò dà bí ènìyàn búburú. Ó fa fóònù rẹ̀ yọ, ó fi ìwé náà hàn mí, orúkọ rẹ ló wà lókè.

Ojú ti mí, Ẹ̀bùn. Mo yíjú sí Alhaja, mo bá a tó ti ra ọ̀kan fún ìyá rẹ̀ arúgbó, ó ti tì í sínú báàgì. Mo ní kó mú un wá. Ó ní, "Kí ló dé? Ṣebí Ẹ̀bùn wa ló kọ ọ́?"

Mo ní, "Òun ló kọ ọ́."

Ó ní, "Ẹ̀bùn tí gbogbo wa jọ tọ́? Kó kọ ohun tí kò dáa?"

Mo ṣàlàyé fún un níbẹ̀, lórí ìdúró, ó sì dá ìyẹ̀fun náà padà. Kò bínú sí ọ. Ó ní kí n kí ọ, pé kí o má jẹ́ kó pẹ́. Mo bẹ ọkùnrin yẹn títí pé kó má tà á mọ́, ó ní òun á bi ọ̀gá òun. Bí o bá ti kọ àtúnṣe náà tán, kọ ọ̀kan sí i ní Yorùbá, kó kúrú, kí ọmọdé lè kà á, kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Alhaja á gbé e lọ sí mọ́ṣáláṣí, èmi á gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, n óò sì tún lọ bá ọkùnrin yẹn ní gáréèjì.

Ṣùgbọ́n níbi tí mo ti ń bá Alhaja fa ọ̀rọ̀ lọ́wọ́, obìnrin kan ti ra tirẹ̀. Ó gbé ọmọ pọ̀n, ara ọmọ náà ń gbóná, mo rí i lójú rẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn bóyá ó dájú, ọkùnrin yẹn sì fi orúkọ rẹ hàn án lórí fóònù. Ó wọ ọkọ̀. Mo pè é, mo sáré débi tí ẹsẹ̀ mi gbà mí dé, ọkọ̀ ti lọ. N kò mọ orúkọ rẹ̀, n kò mọ abúlé tó ń lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń gbàdúrà fún un.

Obìnrin yẹn kò ní tọ́ka sí ọ nínú ìwé kankan, ọmọ mi. Kò ní wọ inú nọ́ńbà ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó gbà ọ́ gbọ́ ju gbogbo àwọn tó tọ́ka sí ọ lọ. Òun ni kí o rò pé o ń kọ ọ́ sí, Ẹ̀bùn, kí o sì jókòó kọ ọ́ lónìí.

Ìyá rẹ tó bí ọ, tó sì ń retí rẹ,
Mọ́mì.